Ibi Tí Fáìlì Ń Gbà Sọnù: Àṣírí Ìjọba àti Ìparun Àkọsílẹ̀, láti London dé Àríwá Èkìtì

Àkọsílẹ̀ ìjọba ni gbogbo ohun tí òṣìṣẹ́ ìjọba kọ, tí ó gbà wọlé tàbí tí ó fọwọ́ sí nídìí iṣẹ́ ìjọba: lẹ́tà, ìwé owó orí, àwòrán ilẹ̀, ìwé ìpàdé, èsì ìdìbò, ìròyìn ìgbìmọ̀ olùwádìí. Orí bébà ni gbogbo rẹ̀ wà kí kọ̀ǹpútà tó dé, orí bébà náà ni púpọ̀ nínú rẹ̀ ṣì wà ní sẹkitéríàtì ìjọba ìbílẹ̀ ní Ìkòlé, ní Ọ̀yẹ́ àti ní Ìdó-Ọ̀sì. Ará ìlú kì í sábà rántí rẹ̀ àfi lọ́jọ́ tí ọ̀rọ̀ bá dójú ọ̀gbagadè. Ọba wàjà, ìdílé mẹ́ta ń du oyè. Ìjọba fẹ́ kọ́lé sórí ilẹ̀ kan, ọmọ onílẹ̀ ní wọn kò san kọ́bọ̀ fún bàbá àwọn lórí rẹ̀ rí. Wọ́n dìbò tán, iye tí wọ́n kà ní ibùdó ìdìbò kò bá èyí tí wọ́n kéde mu. Ọjọ́ náà ni gbogbo ènìyàn á máa béèrè pé fáìlì dà.

Ìdáhùn rẹ̀ kì í jẹ́ ẹyọ kan. Nígbà mìíràn, ìjọba mọ ibi tí ìwé wà, ó kàn fi àṣírí bò ó ni. Nígbà mìíràn, ẹnì kan ti dáná sun ún, tàbí ikán ti jẹ ẹ́ tán, tàbí kí wọ́n ti gbé e lọ sí ìlú mìíràn nígbà tí wọ́n pín ìpínlẹ̀, kí ó má sì padà mọ́. Lójú ẹni tó ń wá ìwé, bákan náà ni gbogbo rẹ̀, nítorí ohun tí akọ̀wé máa sọ fún un kò ju pé, "A ò rí i." Lójú òfin, ìyàtọ̀ wà láàárín wọn, ohun kan tí ènìyàn kì í kà sí ló sì ń fi ìyàtọ̀ náà hàn. Ìwé ńlá tí wọ́n kọ orúkọ àwọn fáìlì sí ni.

Ọ́fíìsì ìjọba tó bá ní ètò máa ń ní yàrá fáìlì tí wọ́n ń pè ní rẹ́jísìrì. Bí lẹ́tà bá wọlé, akọ̀wé á tẹ òǹtẹ̀ ọjọ́ sí i, á kọ ọ́ sínú ìwé ńlá, á fi okùn táàgì dè é mọ́ inú fáìlì, á sì kọ nọ́ńbà ojú-ewé sí igun òkè rẹ̀. Fáìlì á bọ́ sọ́wọ́ ọ̀gá kan, òun náà á kọ èrò tirẹ̀ sí iwájú fáìlì, á fọwọ́ sí i, á sì darí rẹ̀ sí ẹlòmíràn. Bí ó bá kọ K.I.V., kí wọ́n máa fojú sí i ni. Bí ó bá kọ P.A., kí wọ́n dá a padà sórí pẹpẹ. Iṣẹ́ tó ń súni ni, ṣùgbọ́n òun ni ẹ̀ṣọ́ tó wà lẹ́nu ọ̀nà. Bí ẹnì kan bá fa ojú-ewé 15 yọ, ojú-ewé 14 àti 16 á máa wo ara wọn lójú. Bí odidi fáìlì bá pòórá, ìwé ńlá mọ̀ pé ó wà rí, ó mọ ọjọ́ tó jáde, ó sì mọ ọ̀gá tó gbà á. Nítorí náà, ẹni tó bá mọ iṣẹ́ ibi í ṣe kì í gbé fáìlì nìkan. Ìwé ńlá yẹn ni yóò kọ́kọ́ wá.

Àwọn òyìnbó amúnisìn mọ iṣẹ́ yìí tinú-tòde. Nígbà tí ilẹ̀ ọba Gẹ̀ẹ́sì ń fọ́ díẹ̀díẹ̀ lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ṣa àwọn ìwé tí wọn kò fẹ́ kí ìjọba ọmọ onílẹ̀ tó ń bọ̀ rí. Ní Malaya lọ́dún 1957, ọkọ̀ akẹ́rù márùn-ún ló kó ìwé lọ sí ibùdó ológun ojú omi ní Singapore, ibẹ̀ ni wọ́n sì ti sun wọ́n. Ní ọjọ́ kẹta oṣù karùn-ún ọdún 1961, Iain Macleod, mínísítà tó ń rí sí ọ̀rọ̀ àwọn ilẹ̀ amúnisìn, fi àṣẹ ránṣẹ́ lórí irú ìwé tí kò gbọdọ̀ bọ́ sọ́wọ́ ẹni tó ń gbàjọba: èyí tó lè dójú ti ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, èyí tó lè kó bá ọlọ́pàá, sójà, òṣìṣẹ́ ìjọba tàbí àwọn tó ń ta wọ́n lólobó, èyí tó lè tú àṣírí ọ̀nà tí wọ́n ń gbà gbọ́ ìròyìn, àti èyí tí àwọn mínísítà tuntun lè fi ṣe ohun tí kò tọ́. Operation Legacy ni orúkọ tí wọ́n wá mọ ètò náà sí.

Ọ̀nà méjì ni wọ́n pín fáìlì sí. Èyí tí wọ́n pè ní Legacy ni wọn yóò fi sílẹ̀ fún ìjọba tuntun. Èyí tí wọ́n pè ní Watch, tí wọ́n tẹ lẹ́tà W mọ́ lára, yóò lọ sí London tàbí kí ó di eérú. Òṣìṣẹ́ ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí ó jẹ́ òyìnbó ló lè fọwọ́ kàn án; akọ̀wé aláwọ̀ dúdú, bó ti wù kó pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ tó, kò gbọdọ̀ mọ̀ pé irú rẹ̀ wà rárá. Bí wọ́n bá sun ìwé, wọ́n ní kí wọ́n fọ́ eérú rẹ̀ kúnná. Bí wọ́n bá fẹ́ jù ú sómi, kí wọ́n dì í sínú àpótí, kí wọ́n fi ohun tó wúwo sí i, kí ó sì jẹ́ omi jíjìn tí kì í ṣàn, tó jìnnà sí etí òkun. Èyí tó gbọ́n jù nínú gbogbo rẹ̀ ni ti ìbejì fáìlì. Bí wọ́n bá yọ fáìlì kan kúrò láàárín àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, wọ́n ní kí wọ́n ṣe ayédèrú kan sí ààyè rẹ̀, kí ó má baà hàn pé ohunkóhun dín. Ẹni tó ronú kan èyí ti jókòó ní rẹ́jísìrì rí.

Síbẹ̀, ìwà akọ̀wé ló tú wọn fó. Wọ́n ń kọ ìwé ẹ̀rí pé àwọn ti sun báyìí báyìí, wọ́n sì ń ka àpótí tí wọ́n bá fi ránṣẹ́. Láti Kenya nìkan, nǹkan bí 1,500 fáìlì nínú 300 àpótí ni wọ́n fi ọkọ̀ òfuurufú gbé lọ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nígbà òmìnira lọ́dún 1963, àkọsílẹ̀ ìkẹ́rù náà sì wà. Ọ̀pọ̀ ọdún ni ìjọba Kenya fi béèrè wọn, tí London ń fẹsẹ̀ falẹ̀. Nígbà tí àwọn arúgbó Kenya tí wọ́n lù tí wọ́n sì dá lóró nígbà ogun òmìnira Mau Mau gbé ìjọba Gẹ̀ẹ́sì lọ sílé ẹjọ́ ní London, àwọn òpìtàn bíi David Anderson tọ́ka sí ẹrù yìí, ilé ẹjọ́ ní kí ìjọba lọ wá a. Lọ́dún 2011, ìjọba jẹ́wọ́ pé ó wà: nǹkan bí 8,800 fáìlì láti ilẹ̀ 37, nínú ilé ìjọba kan tí wọ́n ń ṣọ́ lójú méjèèjì ní Hanslope Park, kò jìnnà sí ìlú Milton Keynes. Ní oṣù kẹfà ọdún 2013, wọ́n gbà láti san £19.9 mílíọ̀nù fún àwọn ará Kenya 5,228. Láàárín 2012 sí 2013, wọ́n kó àwọn fáìlì náà lọ sí ilé àkójọ ìwé ìjọba ní Kew, níbi tí ènìyàn ti lè béèrè wọn lábẹ́ nọ́ńbà FCO 141.

Nàìjíríà wà lára àwọn ilẹ̀ 37 náà. Oṣù méje ni òmìnira Nàìjíríà fi ṣáájú àṣẹ Macleod, ṣùgbọ́n ìwà náà ti wà kí àṣẹ tó dé. Ohun tó mú kí ó rọrùn ni pé láti ìbẹ̀rẹ̀ ni ajẹ́lẹ̀ òyìnbó, tí àwọn ará Èkìtì ń pè ní D.O., ti máa ń ya ìwé àṣírí sọ́tọ̀. Ìwé owó orí, ìwé ọ̀nà títì, ìwé ẹjọ́ ìbílẹ̀ àti ẹ̀bẹ̀ àwọn ìlú kéékèèké wà lọ́wọ́ akọ̀wé. Àwọn èyí tí wọ́n bá kọ Secret sí lára wà lọ́dọ̀ òyìnbó fúnra rẹ̀. Nígbà tí ọjọ́ ìlọ pé, kò sí ìdí láti tú gbogbo ilé. Àpótí ti ya ara wọn tẹ́lẹ̀.

Ohun tó ṣẹ́ kù sílẹ̀ ì bá má ṣẹ́ kù bí kò bá ṣe iṣẹ́ Kenneth Onwuka Dike. Lọ́dún 1951, ìjọba ní kí òpìtàn Yunifásítì Ìbàdàn yìí yẹ àwọn ìwé ìjọba wò káàkiri Nàìjíríà. Ó rí ìwé tí ikán ti jẹ, èyí tí òjò pa nínú àjà, èyí tí wọ́n kó jọ bí igi ìdáná. Ìròyìn rẹ̀ ló bí ilé iṣẹ́ àkọsílẹ̀ ìjọba ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹrin ọdún 1954, òfin tẹ̀ lé e lọ́dún 1957, wọ́n sì kọ́ ilé àkójọ ìwé ti orílẹ̀-èdè sínú ọgbà Yunifásítì Ìbàdàn, pẹ̀lú ẹ̀ka ní Kàdúná àti Enugu. Ibẹ̀ ni ìwé ajẹ́lẹ̀ Èkìtì wà lónìí, lábẹ́ àkọlé Ekiti Div, pẹ̀lú àwọn ti agbègbè Oǹdó tí wọ́n kọ Ondo Prof sí.

Nínú àwọn ìwé wọ̀nyí, èyí tí àwọn ará àríwá Èkìtì ń wá jù ni ìròyìn tí àwọn ajẹ́lẹ̀ kọ láàárín ọdún 1930 sí 1940 lórí ìlú kọ̀ọ̀kan, èyí tí wọ́n ń pè ní Intelligence Report. Òyìnbó fẹ́ mọ ẹni tó lè fi joyè, ẹni tó yẹ kó gba owó orí àti ìlú tó wà lábẹ́ ìlú mìíràn, ó sì lọ jókòó ti àwọn ọba àti ìjòyè, ó ń bi wọ́n léèrè ìtàn. Lójú ọ̀pọ̀ lọ́yà, ìwé yìí ti di àṣẹ. Ó yẹ kí wọ́n fura sí i díẹ̀. Ẹni tó jókòó ti ajẹ́lẹ̀ ló sọ tẹnu rẹ̀. Ìlú tí kò ní aṣojú nídìí tábìlì lọ́jọ́ náà, tàbí tí ògbufọ̀ kò gbọ́ ẹ̀ka èdè rẹ̀ dáadáa, ìtàn rẹ̀ kúrú lórí ìwé títí di òní. Síbẹ̀ ìwé tó ní àbùkù sàn ju kò-síwèé lọ, nítorí ènìyàn lè fi ìwé mìíràn takò ó.

Lẹ́yìn òmìnira, ìwé Èkìtì bọ́ sínú ewu mìíràn tí kò ní í ṣe pẹ̀lú iná tàbí òyìnbó. Ìbàdàn ni olú ìlú ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà, ibẹ̀ ni fáìlì ilẹ̀, oyè àti ilé ìwé Èkìtì ń gbé. Lọ́dún 1976, wọ́n dá ìpínlẹ̀ Oǹdó sílẹ̀, Àkúrẹ́ di olú ìlú, wọ́n kó ẹrù láti Ìbàdàn lọ sí Àkúrẹ́. Ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹwàá ọdún 1996, wọ́n dá ìpínlẹ̀ Èkìtì sílẹ̀, wọ́n tún di ẹrù láti Àkúrẹ́ lọ sí Adó. Ní ìdìkẹ́rù kọ̀ọ̀kan, fáìlì kan á wọkọ̀, èkejì á kù sẹ́yìn, ẹ̀kẹta á wà nílé ọ̀gá tó mú un lọ kà, tó sì fẹ̀yìn tì kó tó dá a padà. Kò sí ẹni tó pa á láṣẹ pé kí wọ́n pa á run. Ẹni tó bá ń wá ìwé ilẹ̀ kan ní Ọ̀yẹ́ lè gba Adó lọ, kí wọ́n darí rẹ̀ sí Àkúrẹ́, kí Àkúrẹ́ ní Ìbàdàn ni kó lọ, kí Ìbàdàn sì ní wọ́n ti kó gbogbo rẹ̀ fún Àkúrẹ́ láti ìgbà ìjọba ológun Mùrítàlá. Bí ìwé tí wọ́n fi ka ẹrù lọ́jọ́ náà kò bá sí, kò sí ọ̀kan nínú ọ́fíìsì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tó purọ́, ìwé náà kò sì ní sí níbì kankan.

Ìpalára rẹ̀ hàn jù nídìí oyè. Láti ọdún 1957 ni òfin oyè Ìwọ̀-Oòrùn ti ní kí ìlú kọ̀ọ̀kan ṣe ìkéde àṣà ìfọbajẹ rẹ̀, èyí tí afọbajẹ àti lọ́yà jọ ń pè ní declaration. Ó ń sọ iye ìdílé tó ń joyè, bí oyè ṣe ń yí láàárín wọn, ẹni tó lè dù ú àti àwọn tó ń yan ọba. Ìjọba fọwọ́ sí i, ó wọ ìwé òfin. Lọ́dún 1977, ìjọba Oǹdó gbé ìgbìmọ̀ Adájọ́ Adéyínká Morgan kalẹ̀ láti tún oyè ìpínlẹ̀ náà yẹ̀ wò, Èkìtì náà sì wà nínú rẹ̀. Ìlú kọ ẹ̀bẹ̀, ìdílé mú ẹlẹ́rìí wá. Bí oyè bá ṣófo lẹ́yìn ogójì ọdún, tí ìdílé kan ní ohun tí wọ́n kọ sórí ìwé kọ́ ni bàbá àwọn sọ níwájú ìgbìmọ̀, ìwé ẹ̀rí tí wọ́n gbà sílẹ̀ lọ́jọ́ náà nìkan ló lè parí rẹ̀. Bí kò bá sí, ilé ẹjọ́ gíga ló kàn, lẹ́yìn náà kọ́ọ̀tù kò-tẹ́-mi-lọ́rùn, ààfin á sì wà lófo fún ọdún gbọọrọ.

Ilẹ̀ náà ń kọ́? Ọ̀pọ̀ ilẹ̀ ni ìjọba ti gbà ní àríwá Èkìtì láti ayé Ìwọ̀-Oòrùn: ibùdó àgbẹ̀ tí wọ́n ṣe ní Òrìn-Èkìtì lábẹ́ ètò tó bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 1959, omi tí wọ́n sé ní Ìkún-Èkìtì àti ní Ìtápajì, ilé ìwé ìjọba lóríṣiríṣi, àti Yunifásítì Ìjọba Àpapọ̀ tí wọ́n dá sílẹ̀ lọ́dún 2011 pẹ̀lú ọgbà ní Ọ̀yẹ́ àti Ìkòlé. Ìwé mẹ́ta ló yẹ kó wà fún ilẹ̀ bẹ́ẹ̀: ìkéde inú gàsẹ́ẹ̀tì, àwòrán ilẹ̀ tí sọfẹ́yọ̀ yà, àti ìwé orúkọ àwọn tí wọ́n san owó oko àti igi kòkó fún. Ẹ̀kẹta yìí ló máa ń ṣòro rí jù, òun sì ni ìdílé nílò jù. Gàsẹ́ẹ̀tì pọ̀ káàkiri, àwòrán ilẹ̀ lè wà lọ́dọ̀ sọfẹ́yọ̀, ṣùgbọ́n ẹyọ kan ṣoṣo ni ìwé owó máa ń jẹ́, orúkọ àwọn tó fi àtàǹpàkò tẹ ìwé náà sì wà nínú rẹ̀, pẹ̀lú orúkọ ẹni tó bá gba owó tí kì í ṣe tirẹ̀.

Ẹnì kan lè ní àṣírí kì í ṣe ohun tuntun ní Èkìtì. Òótọ́ ni. Ohun tí ọba àti àwọn ìjòyè ìwàrẹ̀fà bá sọ nínú ìgbìmọ̀, ọmọdé kò gbọdọ̀ gbọ́ ọ. Ṣùgbọ́n àṣírí bẹ́ẹ̀ ní olùtọ́jú. Bí ìjòyè kan bá kú, ẹni tó bá jẹ oyè rẹ̀ á jogún ohun tí ó mọ̀, àwọn ìjòyè tó kù á sì tọ́ ọ sọ́nà bí ó bá ṣìnà. Àṣírí ọ́fíìsì kò ní àrólé. Ọ̀gá á gba ìwé ìgbéga tàbí ìwé ìfẹ̀yìntì, kọ́kọ́rọ́ dúrọ́ọ̀ á bá a lọ.

Òfin tó gbé àṣírí ọ́fíìsì ró ni Official Secrets Act ti ọdún 1962, tí Nàìjíríà kọ́ láti ọwọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Ó sọ ọ́ di ẹ̀ṣẹ̀ fún ẹnikẹ́ni láti fi ìwé tí ìjọba bá kà sí àṣírí hàn ẹni tí kò lẹ́tọ̀ọ́ sí i, ẹ̀wọ̀n rẹ̀ sì lè tó ọdún 14. Òṣìṣẹ́ ìjọba tuntun á búra, á fọwọ́ sí ìwé ìbúra náà. Ohun tí òfin náà kò ṣe ni kí ó sọ ohun tí kì í ṣe àṣírí, nítorí náà òǹtẹ̀ Confidential di ohun tí wọ́n ń tẹ̀ mọ́ ohun gbogbo, títí kan ìwé pé wọ́n fẹ́ ra àga. Ìbẹ̀rù lásán ti tó láti ti ìwé mọ́lé. Lábẹ́ òfin 1962 yìí, akọ̀wé tó kọ̀ láti fi ìwé hàn, kò sí ohun tí yóò ṣe é; èyí tó fi hàn lè ṣẹ̀wọ̀n. Ẹni tó bá ní ìdílé láti bọ́ mọ èyí tí yóò yàn.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ìròyìn àwọn ìgbìmọ̀ ńláńlá ṣe wọ dúrọ́ọ̀. Lọ́dún 1994, ìgbìmọ̀ Pius Okigbo wádìí bí wọ́n ṣe ná $12.4 bílíọ̀nù láti inú àkáǹtì àkànṣe níbi tí wọ́n ń kó owó epo sí. Ìjọba ológun kò tẹ ìròyìn rẹ̀ jáde, àwọn tó tẹ̀ lé e náà kò tẹ̀ ẹ́ jáde. Ìgbìmọ̀ Adájọ́ Chukwudifu Oputa lórí ìtẹ̀mọ́lẹ̀ ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn parí iṣẹ́ lọ́dún 2002. Ìjọba kò tẹ ìròyìn rẹ̀ jáde; àwọn ajàfẹ́tọ̀ọ́ ló gbé e sórí íntánẹ́ẹ̀tì fúnra wọn. Ó yàtọ̀ sí ọdún 1962, nígbà tí wọ́n tẹ ìròyìn ìgbìmọ̀ Adájọ́ G.B.A. Coker lórí owó Ìwọ̀-Oòrùn jáde, tí ẹni tó bá fẹ́ sì lè rà á kà. Kò yẹ kí ẹnikẹ́ni tètè yin ti 1962 jù, ṣá. Ìròyìn tó bá kan ọ̀tá ẹni kì í pẹ́ jáde.

Iná ló kù. Ní oṣù kìíní ọdún 1983, ilé gogoro àjọ NET tó ń bójú tó tẹlifóònù òkè òkun ní Marina, Èkó, gbiná, ọ̀pọ̀ ará ìlú sì gbà pé wọ́n fẹ́ fi iná pa ẹ̀rí owó tí wọ́n jẹ ni, wọ́n tú síta láti fẹ̀hónú hàn. Ní oṣù kẹrin ọdún 2020, nígbà tí kòrónà ti gbogbo ènìyàn mọ́lé, iná sọ ní ọ́fíìsì akápò àgbà ìjọba àpapọ̀ ní Àbújá ní ọjọ́ kẹjọ, ó tún sọ ní olú ilé iṣẹ́ INEC, àjọ tó ń ṣètò ìdìbò, ní ọjọ́ kẹtàdínlógún. Àwọn òṣìṣẹ́ ní àkọsílẹ̀ kò bàjẹ́. Ará ìlú kò gbà. Iná lè jẹ́ ti wáyà tó ti gbó. Ṣùgbọ́n kò sí ọ̀nà tí ènìyàn lè gbà mọ̀, nítorí kò sí ìwé orúkọ fáìlì kankan níta tí wọ́n lè gbé síwájú eérú kí wọ́n fi wé e. Ní Gúúsù Áfíríkà, ẹ̀yìn ìgbà tí ìjọba ẹlẹ́yàmẹ̀yà ti kúrò ni ìgbìmọ̀ òtítọ́ wọn rí i pé ilé iṣẹ́ ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ sun ìwé tó tó 44 tọ́ọ̀nù láàárín oṣù díẹ̀ lọ́dún 1993. Ní tiwọn, ó kéré tán, wọ́n mọ ìwọ̀n ohun tó jóná.

Kì í sì í ṣe gbogbo ìparun ló ń ti inú ìwà ibi wá. Lọ́dún 2010, ilé iṣẹ́ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ abẹ́lé ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì da káàdì ìwọ̀lú àwọn tó wá láti erékùṣù Caribbean lẹ́yìn ogun nù, wọ́n ní wọn kò nílò rẹ̀ mọ́. Lẹ́yìn ọdún díẹ̀, ìjọba kan náà ń ní kí àwọn arúgbó náà fi ẹ̀rí hàn pé àwọn ti wà nílùú láti ìgbà náà. Ọ̀rọ̀ Windrush tó bẹ́ sílẹ̀ lọ́dún 2018 ni. Wọ́n tẹ̀ lé ìlànà, wọ́n fọwọ́ sí i, ìyà sì jẹ àwọn ènìyàn.

Ibi tí àríwá Èkìtì ti mọ agbára bébà jù ni ìdìbò. Ní oṣù kejì ọdún 2009, kọ́ọ̀tù kò-tẹ́-mi-lọ́rùn fagi lé ìdìbò gómìnà ọdún 2007 ní wọ́ọ̀dù 63 nínú ìjọba ìbílẹ̀ mẹ́wàá, wọ́n tún un dì ní ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n oṣù kẹrin. Ọmọ àríwá Èkìtì ni àwọn méjèèjì tó ń du ipò: Ṣẹ́gun Òní láti Ìfàkì, Káyọ̀dé Fáyẹmí láti Ìsàn. Èsì Ìdó-Ọ̀sì ló di egungun tó há sí gbogbo ènìyàn lọ́fun. Àwọn kan ní òótọ́ ni, àwọn kan ní wọn kò kọ ọ́ ní ibùdó ìdìbò. Ayọ̀ká Adébáyọ̀, ọ̀gá INEC ní ìpínlẹ̀ náà, kọ̀wé fipò sílẹ̀, ó ní ẹ̀rí ọkàn òun gẹ́gẹ́ bí Kristẹni kò gba òun láyè láti kéde ohun tí wọ́n fẹ́. Kò pẹ́, ó padà sẹ́nu iṣẹ́, wọ́n sì kéde Òní ní ọjọ́ karùn-ún oṣù karùn-ún.

Ẹjọ́ tó tẹ̀ lé e dá lórí fọ́ọ̀mù. EC8A ni wọ́n ń kọ èsì ibùdó ìdìbò sí, EC8B ni ti wọ́ọ̀dù, EC8C ni ti ìjọba ìbílẹ̀. Òfin ní kí ọ̀gá ibùdó ìdìbò fún aṣojú ẹgbẹ́ òṣèlú kọ̀ọ̀kan ní ẹ̀dà EC8A, kí ó sì fún ọlọ́pàá náà, òfin sì fún ilé ẹjọ́ lágbára láti ní kí INEC ṣí àpótí ìwé rẹ̀ fún àyẹ̀wò. Ìgbìmọ̀ tó kọ́kọ́ gbọ́ ẹjọ́ dá Òní láre. Ní ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún oṣù kẹwàá ọdún 2010, kọ́ọ̀tù kò-tẹ́-mi-lọ́rùn ní Ìlọrin yí i padà, Fáyẹmí sì gbàjọba lọ́jọ́ kejì. Ènìyàn lè gba ìdájọ́ náà tàbí kó má gbà á. Ohun tí ẹnikẹ́ni kò lè sọ ni pé fáìlì sọnù, nítorí ìwé náà wà lọ́wọ́ àwọn tí kò fẹ́ràn ara wọn.

Bóyá ìdí nìyí tí Èkìtì fi yára lọ́dún tó tẹ̀ lé e. Láti ọdún 1999 ni àwọn akọ̀ròyìn àti ajàfẹ́tọ̀ọ́ ti ń ti òfin tó fún ará ìlú lẹ́tọ̀ọ́ láti béèrè ìwé ìjọba lẹ́yìn nílé aṣòfin. Ààrẹ Ọbásanjọ́ kọ̀ láti fọwọ́ sí i lọ́dún 2007. Ààrẹ Goodluck Jonathan fọwọ́ sí i ní ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n oṣù karùn-ún ọdún 2011. Ní oṣù keje ọdún kan náà, Fáyẹmí fọwọ́ sí ti Èkìtì, ìpínlẹ̀ àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà tó sọ ọ́ di òfin tirẹ̀. Lábẹ́ òfin ìjọba àpapọ̀, ẹni tó béèrè ìwé kò ní láti sọ ohun tó fẹ́ fi ṣe. Ọjọ́ méje ni ọ́fíìsì ní láti dáhùn. Bí wọ́n bá fi í dù ú láìnídìí, owó ìtanràn jẹ́ ₦500,000. Òṣìṣẹ́ tó bá mọ̀ọ́mọ̀ pa ìwé run tàbí tó yí i padà kí ó tó dé ọwọ́ ẹni tó béèrè rẹ̀, ẹ̀wọ̀n rẹ̀ kò gbọdọ̀ dín ní ọdún kan. Òǹtẹ̀ àṣírí ti òfin 1962 kò sì tó mọ́ láti fi dáhùn.

Ẹ̀wọ̀n ọdún kan náà dára lórí ìwé, ṣùgbọ́n agbẹjọ́rò ìjọba gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fi hàn pé ìwé náà wà kí wọ́n tó pa á run. Ibí yìí ni òfin náà ti ń rọ̀ dẹ̀dẹ̀. Ọ́fíìsì tí kò ní rẹ́jísìrì kò lè jẹ̀bi, àfi bí ẹnì kan bá ní ẹ̀dà. Òfin àkójọ ìwé ti ọdún 1992 náà ní wọn kò gbọdọ̀ da ìwé ìjọba nù láìgba àṣẹ olùdarí ilé àkójọ ìwé, ṣùgbọ́n olùdarí kò lè fún ni láṣẹ lórí ohun tí wọn kò sọ fún un pé ó wà.

Àwọn ìpínlẹ̀ tún rí ihò mìíràn gbà: wọ́n ní òfin ìjọba àpapọ̀ kò kan àwọn. Lọ́dún 2018, kọ́ọ̀tù kò-tẹ́-mi-lọ́rùn ní Àkúrẹ́ ní ó kàn wọ́n, nínú ẹjọ́ kan lórí ìwé ìṣirò owó ìpínlẹ̀ Oǹdó. Èyí tó wà ní Benin City ní kò kàn wọ́n, nínú ẹjọ́ kan lórí owó àjọ tó ń gbógun ti àrùn éèdì ní ìpínlẹ̀ Ẹdó. Èkìtì kò fi bẹ́ẹ̀ wà nínú àríyànjiyàn náà, nítorí ó ní òfin tirẹ̀. Ní ọjọ́ kọkànlá oṣù kẹrin ọdún 2025, ilé ẹjọ́ gíga jù lọ parí rẹ̀ nínú ẹjọ́ Ẹdó: òfin náà kan gbogbo ìjọba, àpapọ̀, ìpínlẹ̀ àti ìbílẹ̀.

Nínú òfin kan náà, abala kejì ní kí ọ́fíìsì ìjọba kọ̀ọ̀kan máa tọ́jú àkọsílẹ̀ gbogbo iṣẹ́ rẹ̀, kí ó to irú ìwé tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ sílẹ̀ lẹ́sẹẹsẹ, kí ó sì gbé e jáde fún ará ìlú láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni béèrè. Abala yìí ni àwọn ènìyàn kì í sábà dárúkọ. Ará Ìkòlé, Ọ̀yẹ́ tàbí Ìdó-Ọ̀sì tí kò tíì mọ fáìlì tó fẹ́ lè fi lẹ́tà kan ṣoṣo béèrè ìwé ìtòlẹ́sẹẹsẹ náà lọ́wọ́ sẹkitéríàtì ìjọba ìbílẹ̀ rẹ̀. Bí wọn kò bá fún un, ọgbọ̀n ọjọ́ ló ní láti gbé wọn lọ sí kọ́ọ̀tù.